Ìbéèrè Tí Wọn Kò Bi Ẹ̀bùn

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mi ò lè sọ ọ́ láwùjọ kí àwọn èèyàn má wo ilẹ̀. Abẹ́ obìnrin ni mo ń wò. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìjọba kọ sínú ìwé fún mi, òótọ́ sì ni, mo gbẹ̀bí títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìbímọ ló ń gbé obìnrin wá bá mi. Wọn a wọlé, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Ohun tí mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ tó ń ro iṣẹ́ yìí lọ́kàn. Bí ojú bá ń tì yín láti kà á, ẹ tètè lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Nípa bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́, kò sí ìtàn níbẹ̀. Mo kàwé, mo yege, wọ́n dá mi padà sí etí òkun torí pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, àwọn tó bá sì wá láti òkè kì í pẹ́ tí ẹ̀fọn àti ìbẹ̀rù omi fi ń lé wọn lọ. Owó oṣù ń wọlé lóṣù tó bá wù ú. Ó parí.

Aràròmí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má wulẹ̀ wá ilé náà lọ, òkun ti gbé e, ó gbé ti àbúrò bàbá mi, ó sì gbé ibojì ìyá mi pẹ̀lú. Ìyá mi ń yan ẹja. Èmi náà ìbá máa yan ẹja títí di òní, bí kì í bá ṣe pé èéfín máa ń mú mi wúkọ́.

Ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí ìwé kò kọ́ mi ni Mátírọ́ọ̀nì kan ní Igbókòdá. Ó kúrú, ó sanra. Kì í gbóhùn sókè, ọwọ́ ló máa ń gbé sókè. Àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Onídígí lẹ́yìn rẹ̀, torí pé dígí kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n, kì í kúrò lápò aṣọ rẹ̀. Obìnrin tó bá ní nǹkan ń ṣe òun lábẹ́, dígí yẹn ni yóò kọ́kọ́ nà sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bímọ púpọ̀ tí wọn kò tíì rí ara wọn rí. Ẹlòmíràn á kọ̀ jálẹ̀, á ní èèwọ̀ ni. Mátírọ́ọ̀nì á ní, "Ọkọ rẹ rí i, ọmọ gba ibẹ̀ kọjá, agbẹ̀bí wò ó. Ìwọ tó ni ín nìkan ló wá ṣèèwọ̀ fún?"

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́, kò jẹ́ kí n wo aláìsàn kankan. Àwọn tára wọn le ló ń mú mi lọ bá: ìyá tó wá gba abẹ́rẹ́ ọmọ, aboyún, ìyá àgbà tó sin ọmọ rẹ̀ wá. Á tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, á ní kí n ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí n fi ojú nìkan wò, kí n sì sọ ohun tí mo rí. Ó sú mi. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé àìsàn ni mo wá kọ́. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ bí àwọ̀n ṣe rí kó tó ya, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tó ti ya?" Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń wò lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run kò dá obìnrin méjì bákan náà. Ètè ojú ara ẹlòmíràn kúrú, ti ẹlòmíràn yọ síta, apá kan sì lè gùn ju èkejì lọ. Ó lè pọ́n, ó lè dúdú bí ìdí ìkòkò, ó lè jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló dúdú. Bí obìnrin bá bímọ, ibẹ̀ lè dúdú sí i; bó bá dàgbà, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́. Mo rí hóró funfun wínníwínní lábẹ́ awọ, tí kì í yún, tí kì í dunni. Mo rí kókó kéékèèké tó rọ̀, tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà, tí apá ọ̀tún sì rí bí apá òsì. Ẹ fi àwọn kókó yìí sọ́kàn, torí wọn ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Omi ara obìnrin pàápàá lè mọ́ gaara, ó lè funfun, ó lè fà bí omi ilá láàárín oṣù. Kò burú, bí kò bá ti rùn tí kò sì yún.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wo inú itan ìyá kan tó ń yan ẹja. Ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ló so kọ́ra bí àwọ̀n nínú itan rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi ní irú rẹ̀, gbogbo obìnrin tó ń fi igi ẹ̀gbà dáná tó sì ń ya ẹsẹ̀ sí ààrò ló ní in. Mo yára dáhùn pé iná ni. Rúlà bà mí léjìká. Mátírọ́ọ̀nì ní ta ló bi mí ní orúkọ rẹ̀? Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí, kí n sì bèèrè. Ìbéèrè kan ló ní kó máa ṣáájú lẹ́nu mi kí n tó fọwọ́ kan obìnrin kankan: ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀? Ohun tó ti wà láti ìgbà tí obìnrin ti mọ ara rẹ̀, tó ní ìkejì lápá kejì, tí kì í dàgbà, tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, ara ni. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àlejò ni, ká bi í níbi tó ti wá.

Lẹ́yìn ọdún yẹn ló tó jẹ́ kí n wo àwọn tára wọn kò yá. Mo rí omi tó dì bí ògì, tó ń yún obìnrin títí ó fi ń ha ara rẹ̀ bó. Mo rí omi aláwọ̀ eérú tó ń rùn bí ẹja tó ti rà, mo rí aláwọ̀ ewé tó ń hó. Mo rí ìléròrò tó bẹ́, tí obìnrin fi ń sunkún bó bá fẹ́ tọ̀. Mo rí èèhù ara tó rí gbágungbàgun, tó wà lápá kan tí kò sí lápá kejì, tó sì ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Àwọn wọ̀nyí kì í fara pamọ́ pẹ́, torí wọ́n ń pariwo. Mátírọ́ọ̀nì ní kì í ṣe àìsàn tó ń pariwo ni kí n bẹ̀rù, egbò tí kì í dunni ni. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ẹyọ kan ṣoṣo, etí rẹ̀ le bíi bọ́tìnnì, ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Rẹ́kórẹ́kó ni, àrùn tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn. Ó ní irú egbò yẹn á jinná fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló sá lọ. Ó ní òmíràn wà tí kì í jinná rárá, àwọn àgbà obìnrin ló sì sábà máa ń mú. Egbò tó bá ti ń lé lóṣù kan, ó ní kí n má sọ pé ó dára, kí n má sọ pé kò dára, kí n gbé e lọ bá dókítà.

Ìletò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ Awóyè ni wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn orí òpó, yàrá méjì, omi lábẹ́, omi níwájú. Fìtílà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo lo tọ́ọ̀ṣì títí tọ́ọ̀ṣì fi di fóònù. Nígbà kan, bí a bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Igbókòdá la ń gbé e lọ, ó sì lè bàjẹ́ lọ́nà. Wọ́n wá mú bébà pẹlẹbẹ dé, tí èèyàn ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tó ń fa ìlà kan tàbí ìlà méjì kí o tó mu omi tán. Inú mi dùn sí bébà yẹn ju fóònù lọ. Ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ tó lè bá ẹni tí kò wá.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ẹ̀bùn. Ọmọ Aràròmí bíi tèmi ni, ìyàwó Adétulà, apẹja tó máa ń lọ dé Kamẹrúùnù. Èmi ni mo gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀, Tọ́pẹ́, ìbí náà sì rọrùn. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ó ti lọ pẹja láti ìgbà tí oyún ti yọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìye Adétulà là ń pe ìyá náà, torí ìye ni àwa Ìlàjẹ ń pe ìyá. Òun ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá bímọ. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí. Ẹja tó bá tóbi jù nínú ọbẹ̀, àwo Ẹ̀bùn ló ń lọ.

Nígbà tí wíwú ìbímọ ti lọ ni ìyá yìí rí i nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́: kókó kéékèèké, ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò rí irú rẹ̀ rí. Níbo ni ìbá ti rí i? Kò wo ti ẹlòmíràn rí, kò sì wo tara rẹ̀ rí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: ọmọ òun ń bẹ ní Kamẹrúùnù, kókó sì ń bẹ lábẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ti dé ibẹ̀. Kò sì pariwo. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ariwo náà ìbá dé etí mi. Ó fẹ́ kí kókó náà lọ kí ọmọ òun tó dé, kó má baà lé ìyàwó, kí ilé wọn má baà tú.

Ọkọ ìyá yìí tó ti dolóògbé ní kókó kan rí ní àtẹ́lẹwọ́, níbi tí okùn àwọ̀n ti ń há a. Àwọn awakọ̀ ló bá a kán omi bátìrì sí i. Kókó náà re, kò sì padà mọ́. Àwa ará orí omi mọ bátìrì ju oògùn lọ. Òun ló ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, òun ló ń tan gílóòbù nínú ilé. Ohun tó wo àtẹ́lẹwọ́ apẹja ni ìyá yìí gbà pé yóò wo ibi tó rọ̀ jù lára obìnrin. Ó sọ fún Ẹ̀bùn pé oògùn ìbímọ ni, kó di ojú. Ẹ̀bùn di ojú.

A gbọ́ igbe náà ní òdìkejì odò. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e dé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e lé àyà. Mo bu omi òjò tí a gbé pamọ́, mo ń dà á sí i, mo ń dà á sí i, títí àgbá fi gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí mo rí. A wá sìpíìdì bóòtù, ó di Igbókòdá, kí a lè tibẹ̀ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nínú bóòtù ni mo ti bi í ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ó ní àwọn kókó kéékèèké kan ni.

Mo ní, "Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi, Nọ́ọ̀sì. É è dùn mí rí."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Ó ní, "Wọn ò bi mí."

Ẹ̀bùn kò kú. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọmú rẹ̀ gbẹ, omi ṣúgà àti wàrà alágolo ni wọ́n fi wo Tọ́pẹ́ nílé. Ibi tó jó náà jinná, ó sì sé mọ́ra. Dókítà ní kò lè gba ọ̀nà yẹn bímọ mọ́. Nígbà tí Adétulà ti Kamẹrúùnù dé, tó rí ohun tó rí, mo lọ bá a nílé. Mo ṣàlàyé fún un pé ara ìyàwó rẹ̀ ni, pé kò sí àrùn kankan níbẹ̀ rí, pé omi bátìrì ló ṣe èyí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. Àmọ́ àpá kì í sí níbi tí egbò kò bá sí. Kí ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi da bátìrì sí i?"

Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń to sáwá sórí ààrò. Òun nìkan ló lè sọ pé òun kò bèèrè, pé òun kàn rò ó ni. Mo dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó to ẹja náà tán, ó fọn iná. Adétulà padà sí Kamẹrúùnù, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀. Ẹ̀bùn kò rí ibi tí yóò lọ, òkun ti gbé ilé bàbá òun náà ní Aràròmí. Ó dúró sílé ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń yan ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mi ò ní purọ́, inú bí mi sí obìnrin yẹn. Mo máa ń kí i torí pé àgbà ni. Mo fún un ní dígí kan, mo ní kó fi wo ara rẹ̀ kó lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ó gbà á, ó ní ẹ ṣé. Ẹ̀bùn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé abẹ́ ẹní ló fi í sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé ayé ti là. Kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọbìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán abẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, wọ́n ń bi mí bóyá ó ti dúdú jù, bóyá ó ti gùn jù. Ẹlòmíràn á fi bíléèdì fá a, irun á hù sínú, á lé kókó, á ní òun ti kó àrùn. Ọ̀kan ní Igbókòdá fi ìpara tí wọ́n fi ń bóra pa ibẹ̀ títí awọ fi ṣí. Ó ní òun fẹ́ kó pọ́n bíi ti àwọn tí òun ń rí. Àwọn ọmọ yìí ní dígí tó ń tàn lọ́wọ́, síbẹ̀ ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn tí kápúsù tí wọ́n rà lórí ọkọ̀ ti bo atọ̀sí mọ́lẹ̀ nínú wọn, tí inú ń run wọ́n, tí ibà ń gbé wọn dè, wọn ò ní fi àwòrán ránṣẹ́. Ohun tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan là ń sá fún. Ohun tó ń pani, à ń bá a gbélé.

Ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi ni Ẹ̀bùn wa ọkọ̀ wá, ó gbé Ìye Adétulà síwájú. Ìyá náà ti rù, kò lè dá wẹ̀ mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀bùn kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun ti fẹ́ da omi sí i ni òun rí i, òun sì gbé omi náà kalẹ̀, òun bi í pé, "Ìye, ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?" Ìyá kò dáhùn. Ẹ̀bùn kò fọwọ́ kan ibẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó gbé e bọ́ sínú ọkọ̀.

Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo wò ó. Egbò ni, apá kan ṣoṣo ló wà. Etí rẹ̀ ti ga, ó le, ààrin rẹ̀ jìn, awọ tó yí i ká funfun, ó sì nípọn. Kókó líle wà níbi tí itan ti pàdé ara. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n bí Mátírọ́ọ̀nì ti kọ́ mi ni mo ṣe, mo gbé e lọ bá dókítà. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ó ti rìn jìnnà. Ó ní ká ní ó tètè dé, gígé ni wọn ìbá gé e, ì bá sì máa yan ẹja rẹ̀ lọ. A gbé e padà wálé.

Ẹ̀bùn tọ́jú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń rùn tó egbò yẹn nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò kì í wọlé mọ́. Mo máa ń lọ bá a pààrọ̀ aṣọ ibẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń fún aṣọ, ìyá náà sì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ti bi í tipẹ́. Ó ní, "Ọdún tí ọma mi lọ tí kò padà wá ló bẹ̀rẹ̀. Kò ju hóró àgbàdo lọ. É è dùn mí. Mo ní ẹ̀san ohun tí mo fi ṣe ọ́ ni, mo ní kí n jẹ́ kó gbẹ̀san rẹ̀ tán. Ta ni èèyàn ń gbé ẹ̀san lọ hàn?"

Ẹ̀bùn ń fún aṣọ náà lọ. Omi ti tán lára rẹ̀, ó ṣì ń fún un. Ó ní, "Ìye, kì í ṣe ẹ̀san. Egbò ni. Tí ẹ bá bi mí, ǹ bá ti sọ fún yín."

Obìnrin yẹn sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, ìbínú tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí kò rí ibi jókòó sí lára mi mọ́. Ọ̀nà ìwòsàn rẹ̀ kò ju kí wọ́n wa ọkọ̀ díẹ̀ lọ sí òdìkejì odò, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó láti ojú fèrèsé. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe ẹni tí kò bèèrè, àti ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n bi òun.

Ó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Adétulà, ó dé lẹ́yìn tí a ti sin ín, irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó síwájú ilé níbi tí ààrò ìyá rẹ̀ wà, ó sunkún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó bi Ẹ̀bùn pé kí ló pa ìyá òun. Ẹ̀bùn sọ fún un pé egbò ni, lábẹ́.

Ó ní, "Egbò wo? Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

Mo wà níbẹ̀, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn wò ó.

Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, àṣé ẹ mọ̀ ọ́n bèèrè."

Ó gbé omi tó fẹ́ fi fọ ẹja, ó sì wọlé.